Ẹyọ Kan Tó Lé

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Má-ṣẹ́kù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ tó fẹ́ tẹ́ gbẹ̀yìn láyé rẹ̀, ẹ̀rún táìlì ẹyọ kan ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ì bá jù ú sápò kó sì gbàgbé ẹ̀. Òun jókòó pẹ̀tẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tíréè rẹ̀, ó figbe ta bí ẹni tí ejò yọ sí lójijì.

Kí igbe náà lè yéni, ó yẹ ká mọ irú ẹni tó ké e.

Iṣẹ́ táìlì ni Má-ṣẹ́kù ń ṣe. Obìnrin tí kò ga, tí kò sanra ni, ṣùgbọ́n bó bá wọ yàrá tí wọn ò tíì tẹ́, ojú rẹ̀ á ti wọn ilẹ̀ láti igun dé igun kó tó rántí kí onílé. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ jẹ́ ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó sì ní àṣà kan. Bó bá tẹ́ ilẹ̀ kan tán, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú onílé. Bí ọwọ́ bá ṣófo, iṣẹ́ pé. Bí ẹyọ táìlì kan bá ṣì wà níbẹ̀, a jẹ́ pé oníṣẹ́ ò ronú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá náà ti lọ sílé ìkẹyìn tipẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò fi àṣà náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ibi tí wọ́n ti fún un lórúkọ Má-ṣẹ́kù nìyẹn. Látorí bíríkìlà dé orí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ọ̀gá yìí náà ló fi igi kan sílẹ̀ fún un, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gún bí ọfà, tí wọ́n fi ń to ẹ̀rún táìlì kó má bàa wọ́. Ẹ̀rún mẹ́tàlá péré ló lè tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà kí igi tó tán. Ó sì fi òfin kan sílẹ̀ pẹ̀lú igi náà. Kí wọ́n tó tẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ iye ẹ̀rún tó wà nílẹ̀, kí wọ́n fi méjì pín in, kí wọ́n fi mẹ́ta, kí wọ́n fi márùn-ún, méje, mọ́kànlá àti mẹ́tàlá. Àwọn mẹ́fà yìí ló ń pè ní àwọn àgbà. Kò yọ mẹ́rin lẹ́nu, nítorí ohun tí méjì ò lè pín, mẹ́rin ò lè pín in. Kò yọ mẹ́fà lẹ́nu, nítorí èjì àti ẹ̀ta ló bí ẹ̀fà. Bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà bá pín iye náà tí nǹkan ò ṣẹ́ kù, iye náà gbọ́ràn nìyẹn, ó ṣeé tò ní ìlà-ìlà tó dọ́gba, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì pé. Bí kò bá sí ọ̀kankan tó pín in, ọ̀gá á mi orí, á ní, "Olórí kunkun lèyí. Ẹ lọ gé sí i." Iye olórí kunkun kò ṣeé tò ju ìlà kan ṣoṣo gbọọrọ lọ.

Látìgbà tí Má-ṣẹ́kù ti dá dúró ló ti ń kó àfọ́kù táìlì wálé. Kò sí ilẹ̀ tó tẹ́ tí kò mú díẹ̀ níbẹ̀: funfun ilé ìwòsàn, pupa ilé oníbúrẹ́dì, àwọ̀ ewé ilé ìwẹ̀ àwọn ọmọléèwé, dúdú ilé agbẹjọ́rò kan tó ń ráhùn látàárọ̀ dalẹ́. Bó bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, a gbé ẹ̀rọ ìgé kalẹ̀, a gé wọn sí igun mẹ́rin ọgbọọgba, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó ti mọ iye tó fẹ́ kí wọ́n jẹ́. Ó mú àwọn àgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀. Méjì lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà. Mẹ́fà lọ́nà márùn-ún jẹ́ ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n lọ́nà méje jẹ́ igba ó lé mẹ́wàá. Ìyẹn lọ́nà mọ́kànlá jẹ́ 2,310, ìyẹn náà lọ́nà mẹ́tàlá sì jẹ́ 30,030. Ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé ọgbọ̀n!

"Ẹ ò rí i?" a máa sọ fún ọkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì máa dán bíi ti ọmọ tó rí ẹyẹ. "Kò sí iye tó gbọ́ràn tó o. Àgbà tó bá dé, á yà fún un. Ọ̀nà méjìlélọ́gbọ̀n ló wà tí mo lè gbà tò ó. Yàrá yòówù kí wọ́n fún mi, ìbáà gùn, ìbáà fẹ̀, mo ti bá a mu!"

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, á ní, "Ìyá Ilé, ká ní o nífẹ̀ẹ́ mi tó bí o ṣe nífẹ̀ẹ́ iye yìí, ǹ bá ti sanra."

Orúnkún ló wá kó ìkánjú bá a. Oníṣẹ́ táìlì, orúnkún ló fi ń rìn ju ẹsẹ̀ lọ, orúnkún Má-ṣẹ́kù sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fepo sí. Àwọn dókítà ní kó yéé kúnlẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ilẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún òun. Agbẹ̀bí àdúgbò, obìnrin tó ń rìn kíákíá tó sì ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tuntun nígbà náà. Ó fún un ní yàrá tí àwọn aláboyún á ti máa jókòó dúró. Má-ṣẹ́kù wọn yàrá náà, ó wo iye rẹ̀, ó rí i pé ìlà 165 ni, tí ẹ̀rún 182 á wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó bá a mu bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò mu. Gbogbo ilẹ̀ tó ti tẹ́ láyé rẹ̀ á pàdé nínú ilẹ̀ kan, kò sì ní sí ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá la àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kẹyìn. Ohun tó fẹ́ nìyẹn. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Tíréè onígi ló ń kó wọn sí, igba ó lé mẹ́wàá sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíréè mẹ́tàlélógóje ló yẹ kó kún, kí ọ̀rọ̀ parí. Láàárọ̀ yẹn, tíréè mẹ́tàlélógóje kún. Ọ̀rọ̀ ò parí.

"Bàbá! Bàbá o! Ẹ wá o!"

Télọ̀ sáré jáde láti yàrá iwájú tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, okùn ìwọ̀n lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Kí ló dé? Ẹ̀rọ gé ọ lọ́wọ́ ni?"

"Ẹ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹyọ kan ló lé!"

"Ẹyọ kan kí ni?"

"Ẹ̀rún! Táìlì! Gbogbo tíréè ti kún, ẹ wo èyí lọ́wọ́ mi!"

"Ẹyọ kan nínú ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Télọ̀ mí kanlẹ̀. "Mo rò pé ilé ń jó ni."

"Ó sàn kí ilé jó! Mo mọ bí mo ṣe kà á." Ó tún yẹ àwọn tíréè náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ní àlàfo. Lẹ́yìn náà ló wá wo ẹ̀rún ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó gbé e súnmọ́ ojú, iwájú orí rẹ̀ sì kákò. "Ta ló gé èyí? Ẹ wo etí ẹ̀, bí ẹni fi eyín gé e."

Télọ̀ wúkọ́. "Bóyá ìwọ fúnra ẹ ni, lọ́jọ́ tí oorun ń kùn ọ́."

"Èmi? Kí n gé irú èyí, kí ọ̀gá mi jí dìde wá bá mi?" Ó yí i síwá sẹ́yìn. Àwọ̀ sánmà ni, àwọ̀ sánmà tó mọ́ bí òwúrọ̀. Ó ti kó àwọ̀ oríṣiríṣi wálé, ṣùgbọ́n kò kó irú èyí rí. Ibì kan ṣoṣo ló ti tẹ́ ẹ rí, nígbà tó ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá, tí kò tíì máa ṣa àfọ́kù. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ni. Ó rọra gbójú sókè. "Bàbá."

"Hẹ̀n?"

"Ẹ wojú mi."

Télọ̀ ò lè wojú rẹ̀. Ó ń ká okùn ìwọ̀n mọ́ ìka. "Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù yẹn lulẹ̀," ló ní. "Mo ń kọjá lọ, mo rí i nínú àlàpà. Mo mú un. Ọjọ́ tó o lọ fi orúnkún han dókítà ni mo fi ẹ̀rọ rẹ gé e. Gbogbo ilẹ̀ tó o tẹ́ ló wà nínú tíréè wọ̀nyí, àfi èyí tó o ti kọ́kọ́ rí mi. Mo ní kí tiwa náà wà níbẹ̀."

"Ibi tẹ́ ẹ ti fi bàtà tẹ sìmẹ́ńtì tútù mi mọ́lẹ̀."

"Tó o fi ṣíbí bíríkìlà lé mi yíká ilé."

"Ó yẹ kí n bá yín ni!" Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu."

"Ó yà mí lẹ́nu! Ẹ ṣeun!"

"Ṣé ẹyọ kan lè ba nǹkan jẹ́ ni? Yọ funfun kan kúrò, kó o fi tèmi rọ́pò. Funfun pọ̀ bí iyanrìn."

"Tí mo bá yọ funfun, ibo ni mo fẹ́ gbé e sí? Ọwọ́ mi náà ni. Ó ti ṣẹ́ kù nìyẹn."

Ó mú igi ọ̀gá rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀kì, ó pe àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Fi méjì pín in, ẹyọ kan ṣẹ́ kù. Fi mẹ́ta, ẹyọ kan. Márùn-ún, ẹyọ kan. Méje, ẹyọ kan. Mọ́kànlá, ẹyọ kan. Mẹ́tàlá, ẹyọ kan náà ló tún jókòó síbẹ̀, tó ń wò ó bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Kò sì lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí 30,030 kò ṣẹ́ nǹkan kù fún ọ̀kankan nínú wọn, 30,031 gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún gbogbo wọn pátá.

"Olórí kunkun," ló wí kẹ́lẹ́. "Gbogbo ayé mi ni mo fi kó iye tó gbọ́ràn jù lọ jọ. Ọkọ mi fi ẹyọ kan sí i, ó di olórí kunkun tó burú jù lọ."

"A ṣì lè tò ó ní ìlà kan," Télọ̀ sọ, torí ẹ̀rù ń bà á, bí ẹ̀rù bá sì ń bà á, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. "Ẹ̀rún kan ní fífẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà wa lọ kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́, títí dé ìdí odò. Àwọn èèrà á rí títì rìn. Wọ́n á máa gbàdúrà fún wa."

Má-ṣẹ́kù fẹ́ sọ̀kò ṣọ́ọ̀kì lù ú ni agbẹ̀bí bá wọlé, èémí rẹ̀ ń sáré ṣáájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Màmá, ẹ̀yin là ń dúró dè! Fọ́máànù àwọn bíríkìlà ti ń po sìmẹ́ńtì. Ó ní tí ẹ ò bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, òun á fi sìmẹ́ńtì lásán pa gbogbo ilẹ̀ ilé náà, yàrá ìdúró àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò lè bá a jà. Àwọn aláboyún tí mo ní kò mọ sùúrù, àwọn ọmọ inú wọn gan-an kò mọ̀ ọ́n."

Má-ṣẹ́kù ṣàlàyé fún un. Agbẹ̀bí tẹ́tí gbọ́ dáadáa, ó wo ẹ̀rún àwọ̀ sánmà náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ fún èmi. Mà á fi sínú àpò mi, ọwọ́ yín á sì ṣófo."

"Ọmọ mi, ilẹ̀ ni mo fẹ́ kó wà. Àpò kì í ṣe ilẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kó tó di ọ̀sán, ẹ jọ̀ọ́." Bó ṣe sáré wọlé náà ló sáré jáde.

Má-ṣẹ́kù bínú gbé igi ọ̀gá rẹ̀ jù sórí tábìlì tí Télọ̀ fi ń gé aṣọ. Télọ̀ bọ́ okùn ìwọ̀n lọ́rùn, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, bóyá torí kò mọ ohun tí ì bá fọwọ́ ṣe. Okùn náà kọjá igi, ó kọjá etí tábìlì, ó rọ̀ sílẹ̀.

"Igi rẹ kúrú o," ló ní. "Ọrùn àwọn oníbàárà mi kan ju èyí lọ, ká má tíì sọ ti ikùn."

"Ẹ má bú igi ọ̀gá mi."

"Mi ò bú u. Mo ní ó kúrú. Ká ní igi yìí ni mo fi ń ránṣọ, ìhòòhò ni gbogbo àdúgbò ì bá máa rìn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Má-ṣẹ́kù láìròtẹ́lẹ̀. Ó wo igi náà, ó wo okùn náà, ó tún wo igi náà. "Kí lẹ ní?"

"Mo ní ìhòòhò ni gbogbo àdú—"

"Ṣáájú ìyẹn!"

"Mo ní ó kúrú."

"Ó kúrú!" Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, abẹ́rẹ́ ta káàkiri. "Bàbá, ó kúrú! Ọ̀gá mi dúró ní mẹ́tàlá torí pé ibẹ̀ ni igi ẹ̀ tán sí! Iye kọ́ ló tán ní mẹ́tàlá, igi ni! Gbogbo ọdún wọ̀nyí, a ń pe àwọn iye ní olórí kunkun, àwa là ò pe àgbà dé ọ̀dọ̀ wọn!"

"Àgbà ṣì wà lẹ́yìn mẹ́tàlá?"

"Mẹ́tàdínlógún ńkọ́? Ta ló bí mẹ́tàdínlógún? Kò sí! Ẹ mú fóònù yín, ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Èmi á máa kọ ọ́." Ó fa aṣọ dúdú kan sún mọ́ra, ó fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ kọ 30,031 sí i gàdàgbà.

"Ṣòkòtò oníbàárà nìyẹn!"

"Á ṣeé fọ̀!"

Télọ̀ tẹ fóònù. Bí ìpín bá dọ́gba, iye gbáko ni fóònù máa gbé jáde. Bí kò bá dọ́gba, àmì kékeré kan tó rí bí orí abẹ́rẹ́ á tẹ̀lé e, àwọn nọ́ńbà wẹẹrẹ á sì tò lẹ́yìn rẹ̀. Ìrù ni Télọ̀ ń pè é.

"Mẹ́tàdínlógún. Ó nírù."

Má-ṣẹ́kù ti ṣe tirẹ̀ lórí ṣòkòtò. "Mẹ́sàn-án ló kù. Mẹ́sàn-án! Ẹ gbọ́? Kì í ṣe ẹyọ kan mọ́! Ẹ máa bọ̀!"

"Mọ́kàndínlógún. Ìrù gígùn."

"Mọ́kànlá ló kù. Ẹ fo mọ́kànlélógún, ẹ̀ta àti èje ló bí i. Mẹ́tàlélógún!"

"Ó nírù."

"Mẹ́rìndínlógún ló kù. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n!"

"Ó nírù bí ọ̀bọ."

"Mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan sí i! Ìbejì ni wọ́n!"

Bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn, òun ń pariwo iye, Télọ̀ ń pariwo ìrù. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ̀. Mẹ́tàdínlógójì kọ̀. Mọ́kànlélógójì àti mẹ́tàlélógójì kọ̀. Nígbà tí wọ́n dé mẹ́tàdínláàádọ́ta, Má-ṣẹ́kù fò dìde láìrántí orúnkún, torí márùndínláàádọ́ta ló ṣẹ́ kù. Ká ní ó lé méjì sí i, ì bá ti wọlé. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ti kún fún ìṣirò, ó ti bọ́ sórí ẹsẹ̀ kejì. Mẹ́tàléláàádọ́ta náà kọ̀.

"Mọ́kàndínlọ́gọ́ta," ló ní.

Télọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú.

"Ìrù ńkọ́?"

Télọ̀ nu ojú fóònù mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó tún wò ó. "Ìyá Ilé," ló ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kò nírù."

"Ẹ tún un tẹ̀."

"Mo ti tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́sàn-án. 509 gbáko. Ìrù ò sí!"

Má-ṣẹ́kù ò gba fóònù gbọ́. Ó fa ṣòkòtò náà mọ́ra, ó ń kọ ọ́. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ọgọ́ta dín kan ni. Ọgọ́ta ìlà, kí 509 wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 30,540. Yọ ìlà kan kúrò, yọ 509. Ó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ ní nọ́ńbà kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni ń to ẹ̀rún. Mẹ́ta. Òdo. Òdo. Mẹ́ta. Ọ̀kan.

Igbe tó ké lẹ́ẹ̀kejì yìí, àwọn ará òdìkejì òpópónà ló ṣílẹ̀kùn wá wò. Télọ̀ fọwọ́ méjèèjì gbé e, wọ́n ń yí láàárín tíréè, Má-ṣẹ́kù ń ké pé, "Ẹ rọra, orúnkún mi! Ẹ rọra, táìlì mi!" síbẹ̀ kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dúró.

Nígbà tí èémí wọn balẹ̀ díẹ̀, Má-ṣẹ́kù pe àwọn àgbà sórí 509. Kò sí èyí tó pín in. Olórí kunkun ni. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta náà, olórí kunkun. Iye tó ní ọ̀nà méjìlélọ́gbọ̀n lánàá, ọ̀nà kan ló kù sí i lónìí, yàtọ̀ sí títì àwọn èèrà.

"Olórí kunkun méjì ló fẹ́ra wọn tó bí i," Télọ̀ sọ.

"Bí èmi àti ẹ̀yin."

"Èmi? Èmi wo ló ní orí kunkun?"

"Ẹ jẹ́ ká wá ilé fún ọmọ wa ná."

Wọ́n fi okùn ìwọ̀n wò ó. Ìlà mọ́kàndínlọ́gọ́ta, pẹ̀lú àlàfo sìmẹ́ńtì funfun tó máa wà láàárín wọn, fẹ̀ ju mítà kan lọ díẹ̀. Ẹ̀rún 509 gùn tó mítà méjìlá ó dín díẹ̀. Ọkàn Télọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Yàrá kọ́ nìyí, ọ̀já ni. Ta ló ń kọ́ yàrá tó rí báyìí?"

Má-ṣẹ́kù ti ń wá bàtà. "Kì í ṣe yàrá! Kí ni agbẹ̀bí sọ? Fọ́máànù á fi sìmẹ́ńtì pa yàrá ìdúró àti kí ni?"

"Àti ọ̀dẹ̀dẹ̀," Télọ̀ dáhùn. Ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀.

Ẹni tó bá rí Má-ṣẹ́kù lójú ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ náà kò ní gbà pé dókítà kankan ti wo orúnkún yẹn rí. Ó di ìró mú lọ́wọ́ kan, ó di ẹ̀rún àwọ̀ sánmà mú lọ́wọ́ kejì. Télọ̀ ń sáré tẹ̀lé e, okùn ìwọ̀n ń fì lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù tó ń bú láti àárọ̀. Wọ́n ya wọ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà nà gbọọrọ síwájú wọn, láti ẹnu ọ̀nà títí dé yàrá ìgbẹ̀bí lópin, ògiri funfun lápá ọ̀tún, ògiri funfun lápá òsì. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ lọ́hùn-ún, fọ́máànù ti bẹ̀rẹ̀, ó ti na sìmẹ́ńtì tútù tó fẹ̀ tó ẹní kan sílẹ̀.

"Ẹ dúró!" Má-ṣẹ́kù ké. "Bàbá, ẹ wọ̀n ọ́n!"

Télọ̀ di orí okùn mú, ó sáré lọ sí ìpẹ̀kun. Ojú okùn ló ń wò, kò wo ilẹ̀. Bàtà rẹ̀ méjèèjì wọ inú sìmẹ́ńtì tútù dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Bàbá!" Fọ́máànù gbé ṣíbí sókè. "Ṣé ojú ò sí lẹ́sẹ̀ ni?"

"Ẹ má lé e," Má-ṣẹ́kù sọ, ẹ̀rín ti dá a dúró mọ́ ògiri. "Èmi ti lé e rí lórí ẹ̀ṣẹ̀ yìí kan náà. Èrè tí mo jẹ níbẹ̀ ni pé ó di ọkọ mi."

Ariwo náà ló gbé agbẹ̀bí jáde. Wọ́n wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà fẹ̀ ju ohun tí Má-ṣẹ́kù fẹ́ lọ ní ìka mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan, ó sì gùn jù ú ní ìgbésẹ̀ kan. Ó ní ìyẹn kò ṣòro, sìmẹ́ńtì lásán á yí i ká bí etí aṣọ ṣe ń yí aṣọ ká. Fọ́máànù wo sìmẹ́ńtì rẹ̀ tó bàjẹ́. Ó kùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní táìlì kúkú gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa jókòó lé, òun á tún un ṣe.

"Yàrá ìdúró wá ńkọ́?" Má-ṣẹ́kù bi agbẹ̀bí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ lójijì, torí kò tíì bèèrè bóyá wọ́n á gbà. "Ibẹ̀ lẹ fún mi tẹ́lẹ̀."

"Ta ló ń jókòó dúró?" agbẹ̀bí dáhùn. "Bí ìrora bá ń mú obìnrin, kì í jókòó. Rírìn ni mo máa ń ní kí wọ́n rìn, síwá, sẹ́yìn, síwá, sẹ́yìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n á máa rìn sí. Màmá, ẹ fún wọn ní nǹkan tí wọ́n á máa wò nílẹ̀!"

Má-ṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ń gbé tíréè wá fún un. Ó rán tìmùtìmù méjì fún orúnkún rẹ̀, ó sì fi òkè ṣòkòtò tí ìṣirò ti bà jẹ́ ṣe ìbòrí wọn. Pupa oníbúrẹ́dì bá dúdú agbẹjọ́rò pàdé. Àwọ̀ ewé ilé ìwẹ̀ ṣàn kọjá láàárín funfun bí omi. Àwọn bíríkìlà á fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ wá wò, wọ́n á máa tọ́ka: "Èyí ti ilé ìyá mi ni! Mo ṣubú lé e lórí nígbà kan!" Má-ṣẹ́kù ń fi orúnkún sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà lọ sápá yàrá ìgbẹ̀bí, ó sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin. Tíréè ń ṣófo, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Lọ́jọ́ tó kù ìlà díẹ̀, gbogbo wọn péjọ. Agbẹ̀bí fa aga kan sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí. Fọ́máànù ká apá lé àyà, ó dúró bí adájọ́. Ìlà pé. Tíréè tó gbẹ̀yìn ṣófo. Ihò kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nílẹ̀, lójú ọ̀nà tí ìyá àti ọmọ á máa gbà jáde.

Má-ṣẹ́kù na ẹ̀rún àwọ̀ sánmà sí Télọ̀. "Ẹ kúnlẹ̀. Tiyín ni."

Télọ̀ kúnlẹ̀. Ó fi ẹ̀rún náà síhò, kò wọlé. Ó yí i, kò wọlé. Etí rẹ̀ tó wọ́ ń kọ́ àwọn yòókù.

"Ẹ mú un wá kí n gé e tọ́," Má-ṣẹ́kù sọ.

"Rárá. Bí mo ṣe gé e ló máa wọlé."

"Olórí kunkun!"

Ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ó yí i lẹ́ẹ̀kẹrin, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé, ó jókòó, ó wọ́ díẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́ mọ́.

Má-ṣẹ́kù di ejìká ọkọ rẹ̀ mú, ó dìde, ó yíjú sí agbẹ̀bí. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Sìmẹ́ńtì funfun nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹyọ kan.

Ariwo sọ. Fọ́máànù gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. "Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o! Ti Ìyá ti yé wa. Ẹ jẹ́ ká tú àpò Bàbá wò. Bàbá yìí ni mi ò fọkàn tán!"

Télọ̀ tú àpò rẹ̀ jáde níṣojú gbogbo ènìyàn, àpò ọ̀tún, àpò òsì, títí dé àpò àyà. Abẹ́rẹ́ kan bọ́ sílẹ̀, òwú dúdú díẹ̀ àti ṣọ́ọ̀kì tí kò ju èékánná lọ. Má-ṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó gbà pé iṣẹ́ ti pé.